Ohùn Wa Nínú Nọ́ńbà

  

Ọ̀rọ̀ ìró ni a fẹ́ sọ lónìí: ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀, ìró ìlù, ìró orin, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn látìgbà tí ẹ̀rọ ti ń sọ wọ́n di nọ́ńbà. Bí ọmọ yín bá pè yín láti London lórí fóònù alágbèéká, nọ́ńbà ló rìn wá bá yín. Bí ẹ bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nọ́ńbà lẹ fi ránṣẹ́. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí náà, kọ̀ǹpútà sítúdíò ti sọ ohùn mi di nọ́ńbà kó tó tún un ṣe, kó tó di pé ó dé ọ̀dọ̀ yín.

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn àwo orin àtijọ́, àwo dúdú oníhò láàárín, tí wọ́n máa ń sọ pé ohùn ayé ìsinsìnyí ti di ohùn tí a gé sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ní àlàfo ló kún inú rẹ̀, pé ohunkóhun tó bá bọ́ sínú àlàfo náà ti sọnù nìyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún etí wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rò ó kọ́ ló rí. Ohùn máa ń sọnù nínú ẹ̀rọ lóòótọ́, àmọ́ àlàfo kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn ló ń jókòó pinnu ohun tí ẹ̀rọ yóò mú àti ohun tí yóò jù nù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì ṣe ìpinnu náà fún wa, wọn kò ní èdè Yorùbá lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Ìró ni afẹ́fẹ́ tó ń mì. Bí ọ̀fun bá mì ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, afẹ́fẹ́ iwájú ẹnu á mì bẹ́ẹ̀, awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú máìkì á mì tẹ̀lé e, iná tó ń jáde lára máìkì náà á sì máa lọ sókè, á máa lọ sódò. Títí dé ibí yìí, kò tíì sí nọ́ńbà kankan. Ẹ̀rọ tó kàn ni yóò máa wọn gíga iná yẹn léraléra, tí yóò máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Lórí síìdì, ìgbà 44,100 ló ń wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú tẹlifóònù, ìgbà 8,000 ni.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ láàárín ìwọ̀n kan àti èkejì? Ìbéèrè gidi ni. Harry Nyquist, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó lọ ṣiṣẹ́ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1928 nígbà tó ń ṣe ìṣirò tẹlígíráàfù. Vladimir Kotelnikov kọ ọ́ sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1933. Lọ́dún 1949, Claude Shannon gbé e kalẹ̀ kedere tó fi di pé kò sí ẹlẹ́rọ tó lè sọ pé òun kò gbọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé, bí kò bá sí ìmì kankan nínú ìró kan tó yára tó 4,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, tí a sì wọn ìró náà ní ìgbà 8,000, ìgbì kan ṣoṣo ló lè gba orí gbogbo àmì wọ̀nyẹn kọjá. Ọ̀kan péré. Kò sí èkejì tó lè bá a dọ́gba láìjẹ́ pé ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sọ nọ́ńbà padà di ìró, kì í méfò. Ohun tó wà láàárín àmì méjì ti wà nínú àwọn àmì náà látilẹ̀. Mo ti mọ èyí tipẹ́, síbẹ̀ ó ṣì máa ń wú mi lórí.

Ṣùgbọ́n májẹ̀mú ló wà níbẹ̀. Ìmì tó bá yára kọjá ìdajì iye ìgbà tí à ń wọ̀n ọ́n kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Bí a bá ń wọn ìró ní ìgbà 8,000, tí ìró kan tó ń mì ní 5,000 bá yọ́ wọlé, 3,000 ni yóò jáde. Nọ́ńbà tí 5,000 bá kọ sílẹ̀ àti nọ́ńbà tí 3,000 ìbá kọ, ọ̀kan náà ni wọ́n, kò sì sí ìṣirò kankan lẹ́yìn náà tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí èyí ni asẹ́ ṣe gbọdọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò sẹ́ gbogbo ìmì tó bá yára jù dànù kí wíwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá rí i pé ibi tí ohùn ti kọ́kọ́ ń sọnù nìyẹn: lẹ́nu asẹ́, níbi tí ènìyàn fi í sí.

Ta ló wá sọ pé 44,100 ni kí síìdì jẹ́? Etí ọmọ ènìyàn tó jí pépé máa ń gbọ́ ìró dé nǹkan bíi 20,000, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ 40,000, nítorí náà a mọ̀ pé ó gbọdọ̀ ju 40,000 lọ díẹ̀ kí asẹ́ lè ráyè ṣiṣẹ́. Àmọ́ 100 tó wà lẹ́yìn 44,000 yẹn, téèpù fídíò ló bí i. Lápá ìparí àwọn ọdún 1970, kò sí ohun mìíràn ní sítúdíò tó lè gba nọ́ńbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ká fídíò sílẹ̀. Wọ́n wá ń fi nọ́ńbà ìró pa mọ́ sínú ìlà àwòrán, mẹ́ta lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fídíò ní Amẹ́ríkà àti Japan, ìlà 245 ló wúlò nínú ìpín àwòrán kọ̀ọ̀kan, ìpín 60 ló sì ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi 3 ṣe ìlọ́po 245, ẹ fi 60 ṣe ìlọ́po èyí tó jáde. 44,100 lẹ ó rí. Nígbà tí Philips àti Sony wá fẹnu kò lórí síìdì, tí wọ́n sì gbé e jáde ní Japan lóṣù kẹwàá ọdún 1982, nọ́ńbà téèpù náà ni wọ́n gbé wọlé. Títí dòní, orin tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù ṣì ń rìn lórí òǹkà tí téèpù fídíò bí.

Apá kejì iṣẹ́ náà ni bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó. Síìdì ń lo bit 16 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé àkàsọ̀ 65,536 ló wà láti ìsàlẹ̀ dókè. Bí gíga iná bá bọ́ sáàárín àkàsọ̀ méjì, ẹ̀rọ á fà á sí èyí tó sún mọ́ ọn. Àṣìṣe kékeré wà nínú fífà yìí. Bí ohùn bá rinlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Bí ohùn bá wá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi ìgbẹ̀yìn ìró agogo tó ń kú lọ, àṣìṣe náà á di ariwo hẹ́rẹhẹ̀rẹ tó ń tẹ̀ lé ìró náà káàkiri. Stanley Lipshitz àti John Vanderkooy, olùkọ́ ní yunifásítì Waterloo ní Canada, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1984. Wọ́n fi hàn pé bí a bá mọ̀ọ́mọ̀ da ariwo kékeré tí kò ní ìlànà pọ̀ mọ́ ìró náà kí a tó fà á sí orí àkàsọ̀, ariwo hẹ́rẹhẹ̀rẹ yẹn á pòórá. Shíì pẹ́lẹ́ kan ni yóò kù, abẹ́ rẹ̀ la ó sì ti máa gbọ́ ìró tó kéré ju àkàsọ̀ tó kéré jù lọ. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò tó bá ń gé bit 24 sí bit 16 láìda ariwo yìí sí i, ó ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ ni.

Lókè àkàsọ̀, kò sí àánú. Bí ohùn bá ga ju àkàsọ̀ tó ga jù lọ, orí ìgbì á gé pẹrẹsẹ, ohun tí a gé náà kò sì sí níbì kankan mọ́. Téèpù àtijọ́ máa ń fara dà á díẹ̀ bí ohùn bá pọ̀ jù; nọ́ńbà kì í fara dà á. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn wa, lọ́jọ́ Jímọ̀ tàbí lọ́jọ́ Ìsinmi, ibi tí ìwàásù ti ń bàjẹ́ nìyí: ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ rò pé bí iná pupa bá ń tàn, agbára ló ń fi hàn. Òdo ni òkè pátápátá lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn ti ń fò jù lọ máa dúró ní nǹkan bíi déṣíbẹ́ẹ̀lì 12 sísàlẹ̀ òdo. Bí ó bá kéré lẹ́yìn náà, ẹ lè gbé e sókè. Ohun tó bá ti gé kò ṣeé rọ́pò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wá sórí fóònù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èdè wa ti jinlẹ̀.

Láti ayé tẹlifóònù oníwáyà ni wọ́n ti pinnu pé ìró tó wà láàárín 300 sí 3,400 nìkan ni wáyà yóò máa gbé. Bí ohun tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń gbé bá ṣe kéré tó ni iye ẹni tí a lè kó sórí wáyà kan náà ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n sì gbà pé bí ènìyàn méjì bá ti lè gbọ́ ara wọn yé, ó tó. Alec Reeves, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ronú kan bí a ṣe lè fi nọ́ńbà rán ohùn lórí wáyà lọ́dún 1937, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò tíì tó o ṣe. Nígbà tí ẹ̀rọ tó tó o ṣe dé, ìpinnu 3,400 yẹn ni wọ́n gbé wọnú nọ́ńbà: ìwọ̀n 8,000, bit 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 64,000 bit láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ọ̀fun ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń mì ní nǹkan bíi ìgbà 85 sí 180. Ti obìnrin máa ń wà láàárín nǹkan bíi 165 sí 255. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa. Gbogbo wọn ló wà nísàlẹ̀ 300. Bẹ́ẹ̀, ìyára mímì ọ̀fun yìí gan-an ni dò, re àti mí. Òun la fi ń mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà, òun la fi ń mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Asẹ́ fóònù ń sẹ́ ibi tí dò-re-mí wà dànù pátápátá! Báwo ló ṣe wá jẹ́ tí a fi ń bá ìyá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí a kì í ṣi ara wa gbọ́?

Inú ọ̀fun fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Bí ọ̀fun bá ń mì ní 120, kì í ṣe 120 nìkan ló ń jáde. 240 ń bẹ níbẹ̀, 360 ń bẹ níbẹ̀, 480, 600, 720, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn lọ títí dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Asẹ́ fóònù sẹ́ 120 dànù, ó sẹ́ 240 dànù. 360 kọjá. 480 kọjá. 600 kọjá. Ẹ yọ 360 kúrò nínú 480, 120 ni yóò kù. Ẹ yọ 480 kúrò nínú 600, 120 náà ni. Etí àti ọpọlọ ń rí i pé 120 ló pín àwọn ìró wọ̀nyí níyà, wọ́n sì ń fún wa ní ìró 120 tí kò wọ inú fóònù rárá. Bí ẹni náà bá gbé ohùn sókè dé mí, tí ọ̀fun rẹ̀ ń mì ní 150, àyè tó wà láàárín wọn á di 150, etí á sì gbọ́ mí. August Seebeck ti ṣàkíyèsí irú nǹkan báyìí ní Jámánì láàárín àwọn ọdún 1840. Jan Schouten, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tún padà sórí rẹ̀ ní bíi ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Kò sí ìkankan nínú àwọn tó ṣètò tẹlifóònù tó fi èyí ṣe wá lóore. Bí Ọlọ́run ṣe dá etí ló gbà wá sílẹ̀.

Ohun tí fóònù ń gbà lọ́wọ́ wa ní tòótọ́ wà ní apá òkè. Ìró “s” jẹ́ ariwo atẹ́gùn tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lọ lókè 4,000. Bí a bá gé e ní 3,400, ìwọ̀nba tó kù kò yàtọ̀ púpọ̀ sí “f” mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi máa ń béèrè lórí fóònù pé, “Ẹ ní kí n sún un ni, àbí kí n fún un?” Fóònù tuntun tó ń lo ìwọ̀n 16,000, tí ìró rẹ̀ ń dé 7,000, ti mú ìṣòro yìí kúrò fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ bá gbà á láyè. Ẹ ó ti máa kíyè sí i pé ìpè orí WhatsApp máa ń mọ́ ju ìpè lásán lọ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dára. Òun nìyẹn.

GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, Yúróòpù sì ni wọ́n ti ṣètò ọ̀nà tó ń gbà gbé ohùn, kí ọdún 1990 tó dé. Bit 13,000 ló fàyè gbà fún ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí tẹlifóònù oníwáyà ń lò. Báwo ni wọ́n ṣe fún ohùn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Wọn kò rán ìgbì náà mọ́. Ẹ̀rọ á gé ọ̀rọ̀ yín sí ègé, 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún ègé kọ̀ọ̀kan, á fi nọ́ńbà 8 ṣàpèjúwe bí ihò ọ̀fun àti ẹnu yín ṣe rí ní àkókò náà. Lẹ́yìn náà, nígbà mẹ́rin nínú ègé kan náà, á wo ìgbà tí ìgbì náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí kẹ́yìn, á sì rán iye yẹn lọ. Iye yẹn ló sábà máa ń sọ bí ọ̀fun ṣe ń yára mì tó. Dò-re-mí ni! Ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni fóònù ń wá a, tó sì ń rán an lọ pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó bá ṣẹ́kù. Èyí ni kí ẹ fi wé iṣẹ́ onídùndún. Onídùndún yọ ẹnu àti ahọ́n kúrò, ó mú dò-re-mí ọ̀rọ̀ nìkan, ó sì fi sọ̀rọ̀ tí a gbọ́. Fóònù ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀ bákan náà, ẹnu lọ́tọ̀, ọ̀fun lọ́tọ̀, kó tó rán àwọn méjèèjì. Ìran àwọn àyàn ti mọ ìpínyà yìí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìṣirò rẹ̀ sórí ìwé.

Ó wá ṣeni láàánú pé ìlù tó mọ ìpínyà yìí gan-an ni ẹ̀rọ òde òní máa ń lé jáde. Ìdílé kan ń sọ ọmọ lórúkọ ní Ìbàdàn. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ wà ní Houston, wọ́n jókòó sídìí Zoom. Bí àlùfáà tàbí alàgbà bá ń ṣàdúrà, Houston ń gbọ́ ketekete. Bí onígángan bá fẹnu ìlù sí i, tó ń ki ìdílé ọmọ, ìró á já, á tún wọlé, á tún já. Wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n ti fi ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ́ ètò kọ̀ǹpútà náà, wọ́n sì ti sọ fún un pé gbogbo ohun tó bá kù, fáànù ni o, ajá tó ń gbó ni o, ariwo ni, kó pa á. Gángan bọ́ sápá ariwo. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé orúkọ baba ńlá ọmọ ni ìlù ń dá. Bí ẹ bá ní irú àjọ bẹ́ẹ̀ níwájú, ẹ wọ inú ètò ìró Zoom kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Original sound for musicians” sí, kí ẹ tàn án, lọ́wọ́ ẹni tó gbé kámẹ́rà dání ní Ìbàdàn. Ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ MP3 kò jìnnà síyẹn. Ìlú Erlangen ní Jámánì ni Karlheinz Brandenburg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n gbára lé ni pé ìró ńlá máa ń bo ìró kékeré tó wà nítòsí rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí etí kò fi ní gbọ́ ọ. Bí etí kò bá ní gbọ́ ọ, kí la fẹ́ máa fi bit ṣòfò lórí rẹ̀ fún? Síìdì ń lo 1,411,200 bit láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. MP3 tó wọ́pọ̀ láyé ijọ́un ń lo 128,000. Orin tí Brandenburg fi dán an wò títí ni “Tom's Diner” ti Suzanne Vega, ohùn obìnrin kan ṣoṣo tí kò ní ìlù lẹ́yìn, nítorí pé níbẹ̀ ni àléébù rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn sí i gbangba, ó sì ń tún un ṣe títí ohùn náà fi dára.

Ìwọ̀nyí ni mo ń pè ní ìpinnu. Ìró tó máa ń gún lójijì ni MP3 kì í fẹ́, ìró bíi agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ègé-ègé ló ń mú ìró, àṣìṣe tó bá sì ṣe lórí ègé kan á tàn káàkiri inú ègé náà, títí kan ibi tí agogo kò tíì dún. Ẹ gbé orin jùjú tí wọ́n ti fún pọ̀ jù sétí, kí ẹ fọkàn sí agogo rẹ̀: ẹ ó gbọ́ shíì fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ṣíwájú ìlù, tí ẹnu agogo á sì kú. Ẹni tó bá ń gbé orin wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọdọ̀ mọ èyí, kó má fún orin wa ní bit tó kéré, kó má sì mú MP3 tún sọ di MP3 mìíràn. Gbogbo ìgbà tí a bá tún un fún ni a tún ń ju nǹkan nù.

Auto-Tune ńkọ́? Andy Hildebrand tó ṣe é, iṣẹ́ epo rọ̀bì ló ti kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n máa ń rán ìró sínú ilẹ̀, wọ́n á sì fi ìṣirò ka ìró tó bá padà wá, kí wọ́n lè mọ ibi tí epo wà. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ló yí sórí ohùn akọrin lọ́dún 1997: ó ń wá ìyára mímì ọ̀fun, ó sì ń fà á sórí nóòtì tó sún mọ́ ọn. Èmi kò kórìíra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi ṣe iṣẹ́ tó dára. Ṣùgbọ́n ohùn Yorùbá kì í fò láti orí nóòtì kan sórí èkejì lásán. Ó máa ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ gòkè, ó máa ń rọra balẹ̀ bó bá dé dò ìparí ọ̀rọ̀. Bí a bá sọ fún Auto-Tune pé kó fa ohùn kíákíá, gbogbo yíyọ̀ yẹn á di àkàsọ̀, ọ̀rọ̀ á sì máa nira láti gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ ní sítúdíò, ẹ dẹ ìyára rẹ̀ sílẹ̀ bí akọrin bá ń kọ Yorùbá tó jinlẹ̀, pàápàá níbi tí oríkì bá wà. Bí akọrin bá ṣi nóòtì kan, òun nìkan ni kí ẹ tún ṣe.

Ó ku ohun kan tó ká mi lára jù. Àwọn àgbà tó mọ oríkì ìdílé, tó mọ ẹsẹ ifá, tó mọ rárà àti ìjálá, wọ́n ń lọ. Fóònù tó wà lápò yín tó láti gba ohùn wọn sílẹ̀, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ máa sọ fún un. Ẹ má fi àyè ìfohùnránṣẹ́ WhatsApp gbà á, torí ó ń fún ohùn pọ̀ kó lè tètè rìn. Ẹ wá ètò ìgbohùnsílẹ̀ tó lè kọ ọ́ sí WAV, kí ẹ yan ìwọ̀n 48,000 àti bit 24. Ìwọ̀n tí IASA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń tọ́jú ohùn, pè ní ó kéré tán nìyẹn. Ẹ pa fáànù, ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ sinmi. Ẹ gbé fóònù sí nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ẹnu àgbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí èémí má baà gbá a. Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sókè bó ṣe máa ń ṣe bí ara bá yá a, kí ẹ wo ibi tí àmì ń fò dé, kí ẹ sì fà á wálẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ òní sínú rẹ̀. Orúkọ tí a kọ sórí fáìlì lè yí padà. Èyí tí a fẹnu sọ sínú ohùn kì í yí padà.

Bí ẹ bá ti gbà á tán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín “tún un ṣe” lórí ojúlówó rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ tún ẹ̀dà ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì tí a bá dà kọ láti ara kásẹ́ẹ̀tì máa ń ní ariwo kún un, ẹ̀dà dé ẹ̀dà. Nọ́ńbà kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún kò yàtọ̀ sí àkọ́kọ́. Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì máa ń darúgbó díẹ̀díẹ̀ ni, nígbà tí fóònù tó bá bọ́ sínú omi ń kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọ̀kan sí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ọ̀kan sọ́wọ́ ẹbí tó wà nílùú mìíràn, kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ tí ẹ gbà á.